Ásíìdì Kọ́ Ni Oògùn Ìdọ̀tí Ara Fèrèsé



Bí ọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa rí i káàkiri Satellite Town: ọmọkùnrin kan á gun àkàbà, á mú ike ásíìdì dání, á máa fi aṣọ ra á mọ́ ara fèrèsé alumíníọ́mù. Kò ní pẹ́ tí fèrèsé á fi máa dán. Inú onílé á dùn. Ṣùgbọ́n inú tèmi kì í dùn sí i, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Alumíníọ́mù kì í dípẹtà bíi irin, àmọ́ nǹkan lè bà á jẹ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò rí ló ń dáàbò bò ó. Ásíìdì ń jẹ awọ yẹn. Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ náà ń jẹ ẹ́. Dídán tí ẹ rí, bíbó ló bó. Tàwa tún wá le, nítorí pé atẹ́gùn oníyọ̀ ń fẹ́ wá láti òkun, eruku àti èéfín ọkọ̀ tánkà sì ń wá láti òpópónà Badagry. Ara tí ásíìdì ti bó ni iyọ̀ tètè ń gbẹ́ ihò sí.

Bẹ́ẹ̀ ìlera èèyàn ju fèrèsé lọ. Òórùn ásíìdì ń ta ojú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ti ọmọ tó ní ásímà. Bí ẹnì kan bá tún da háípò mọ́ ọn, gáàsì olóró ló máa jáde, ó sì lè pa èèyàn. Nínú ilé alájà, tí fúláàtì wà lórí fúláàtì, ohun tí ẹ dà lókè, orí ọmọ aládùúgbò tàbí aṣọ tó sá ló lè kán sí. Ẹ̀sìn wa kò gbà ká fi ìmọ́tótó tiwa ni ẹlòmíràn lára.

Àwọn kan á ní ìdọ̀tí náà ti le jù, omi lásán kò lè mú un. Òótọ́ ni. Ṣé kì í ṣe pé a fi í sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún ló fi le? Ẹ wo àlùwàlá. Omi díẹ̀ ni Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ń ṣe é, kì í sì í ṣe omi líle. Ṣíṣe é lemọ́lemọ́ ló ń jẹ́ kí ara mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn kò mú, ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣan eruku kúrò, kó má baà ha á lára. Ẹ po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ mọ́ garawa omi, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹ fi omi mímọ́ ṣan án láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má lo kànìnkànìn onírin, yanrìn tàbí eérú. Bí sìmẹ́ńtì bá ta sí i, ẹ nù ún kó tó gbẹ. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan la àwọn ihò kékeré ìsàlẹ̀ fèrèsé, kí omi má baà dá sínú rẹ̀.

Ẹ má rán ọmọ gun ojú fèrèsé òkè. Ẹni tí ẹ bá gbà síṣẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú ike rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mọ́sáláṣí wa ṣáájú nínú èyí, kí àwọn ilé tẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ara wa, aṣọ wa àti ilé wa mọ́. Àmín.