Ẹ́ńjìnnì Dísù Ògbólógbòó: Tí Lọ́ńdọ̀nù Bá Lé E, Ta Ni Yóò Gbà Á?

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní Peckham àti Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ kì í tán níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni èéfín katapílà tó ń walẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ tó ń fún wọn níná.

Ní ọdún 2012, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ọmọdé, àwọn oníkọ́-fée àti lébìrà tó dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́ ni ìyà rẹ̀ ń kọ́kọ́ jẹ.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni Lọ́ńdọ̀nù ti ní ìlànà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ ńláńlá kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ìpele tí wọ́n ń pè ní Stage IV. Tó bá di 2030, yóò di Stage V. Agbaṣẹ́ṣe tí apá rẹ̀ kò ká odidi ẹ̀rọ tuntun lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan.

Ìgbésẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwa ni pé: níbo ni èyí tí wọ́n yọ ń lọ?

Ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ ètò ìrànwọ́ tí òfin ọdún 2005 gbé kalẹ̀, ẹni tó bá gbowó ìjọba láti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù gbọ́dọ̀ ba ti àtijọ́ jẹ́. Ihò tó fẹ̀ tó ínṣì 3 ni wọ́n máa ń lu sí i lára, kó má baà ṣiṣẹ́ mọ́. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu géètì ni wọ́n ti ń dá a padà. Ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́, olówó rẹ̀ á tà á. Àwa tí a mọ ọjà tòkúnbọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa ibi tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí.

Nílé náà, ẹ́ńjìnnì tuntun nìkan kò tó. Bí imí-ọjọ́ bá pọ̀ nínú dísù, ó ń ba asẹ́ tó ń gba èéfín dúró jẹ́. Epo tó mọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dìbò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ yín pé kí wọ́n fi lílu ihò kún ìlànà náà. Èéfín tí a lé kúrò ní Peckham kò gbọdọ̀ di ti Mushin.