Ebi Ni, Kì í Ṣe Wọ̀bìà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, àwọn ọ̀dọ́kùnrin 36 kó wọ àwọn yàrá tó wà lábẹ́ pápá ìṣeré Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ara wọn le koko, orí wọn sì pé. Ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn lọ sójú ogun, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí wọ́n febi pa àwọn, kí àwọn oníṣègùn lè mọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú àwọn tí ebi ogun ń hàn léèmọ̀ ní Yúróòpù. Ancel Keys ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń bọ́ wọn yó. Lẹ́yìn náà ló gé oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ 24: búrẹ́dì, ọ̀dùnkún, kábéèjì àti makaróní, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, tí gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kálórì 1,600 lọ.

Wọ́n ru. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn ló lọ. Òtútù ń mú wọn, ọkàn wọn ń lù lọ́ra. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orí wọn ló yẹ kéèyàn dúró wò dáadáa. Àwọn ọkùnrin tí kò bìkítà fún ilé ìdáná tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé oúnjẹ sísè jọ. Wọ́n ń lá abọ́. Wọ́n ń fa oúnjẹ táṣẹ́rẹ́ gùn di wákàtí méjì, kó má baà tán. Wọ́n ń bínú láìnídìí, ọ̀rọ̀ obìnrin kúrò lọ́kàn wọn, àlá oúnjẹ ni wọ́n ń lá. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá yọ̀ǹda oúnjẹ fún wọn, àwọn kan jẹ ẹ́ títí inú fi ń ro wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ní ebi ṣì ń pa àwọn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ títí wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n lè fa oúnjẹ jáde nínú rẹ̀.

Ta ló máa pe àwọn ọkùnrin yìí ní wọ̀bìà?

Orúkọ yẹn gan-an sì ni obìnrin tó ti ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ láti ọdún yìí dé ọdún yẹn ń pe ara rẹ̀. Wọ́n ní kó má jẹ ju kálórì 1,200 lọ lóòjọ́, ìyẹn kò tó oúnjẹ àwọn tí Keys ń febi pa. Ó ń lọ sí ibi iṣẹ́, ó ń gbé ọmọ pọ̀n, ó ń jókòó sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ Èkó. Kúkúńbà láàárọ̀, tíì tó ń fọ inú lálẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ní aago méjìlá òru, ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ lórí ìdúró, ó jẹ, ó jẹ, kò sì lè sinmi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó bú ara rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ebi mìíràn láti fi san gbèsè ti alẹ́ àná. Kò sí ìwà burúkú kankan nínú ohun tó ṣe. Ara tí wọ́n febi pa ló ń wá oúnjẹ, bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ ṣe ń wá afẹ́fẹ́.

Ara kì í sì í tètè gbàgbé. Ní ọdún 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 14 tó kópa nínú The Biggest Loser, ìdíje tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà níbi táwọn èèyàn ti ń figagbága láti ru. Nígbà ìdíje náà, ìwọ̀n tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pàdánù tó nǹkan bíi kílò 58, téèyàn bá pín in dọ́gba. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, nǹkan bíi kílò 41 ti padà. Ara wọn ṣì ń fi nǹkan bíi kálórì 500 lóòjọ́ sílẹ̀ láìlò, nínú iye tó yẹ kí ara ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa lò. Ẹni tó bá rí i tí wọ́n ń sanra padà á ní wọ́n ti dẹwọ́ jù. Bẹ́ẹ̀ ara wọn ló ti kọ́ láti máa ṣọ́ owó ná, kí ìyàn má baà tún bá a lójijì.

Ibo ni ìkórìíra ara yìí ti wá? Láyé àwọn ìyá wa, ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ dé, tí wọ́n sọ fún un pé “o mà ti sanra o”, oríire ni wọ́n ń kí i kú. Ẹni tó bá ru ni wọ́n ń bi pé “ṣé kò sí o?” Àwọn ará erékùṣù Fiji náà fẹ́ràn ara tó kún. Ní ọdún 1995, tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga. Dókítà Anne Becker láti Amẹ́ríkà bá àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́dún náà. Kò sí èyí tó ń bi oúnjẹ jáde nítorí kó lè ru. Nígbà tó tún béèrè lọ́dún 1998, ìdá 11.3 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń ṣe é. Ọdún mẹ́ta péré. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá n'Íbàdàn lónìí lágbára ju tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà lọ fíìfíì.

Ìwòsàn wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù jù: oúnjẹ. Christopher Fairburn, oníṣègùn ọpọlọ ní Oxford, fi jíjẹun lásìkò ṣe ìpìlẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ fún àwọn tó ń jẹ àjẹkì tí wọ́n sì ń bì í. Oúnjẹ mẹ́ta lóòjọ́, ìpanu láàárín, kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ kéèyàn tó tún jẹ. Bí ó bá yé ara pé òmíràn ń bọ̀, ìsáré òru á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí àwọn oúnjẹ tí wọ́n lé jáde padà wọlé. Evelyn Tribole àti Elyse Resch, tí wọ́n tẹ ìwé Intuitive Eating jáde ní 1995, tẹnu mọ́ èyí gidigidi. Fún obìnrin Yorùbá, ẹ̀bà ni, iyán ni, dòdò ni. Kó bù ú sáwo, kó jókòó, kó bá àwọn ará ilé rẹ̀ jẹ ẹ́ lójú ọ̀sán. Kó tún máa fetí sí ọ̀rọ̀ kékeré tí òṣùwọ̀n ti gbà lẹ́nu rẹ̀: “mo ti yó.”

Kì í ṣe pé yóò ru dandan. Ó tilẹ̀ lè sanra díẹ̀ ná. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ṣì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀. Ẹni tó ń bì tàbí tó ń lo oògùn ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ dá gbé e: pòtásíọ́mù tí ọkàn fi ń lù déédéé ni ó ń ṣàn lọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ó sì yẹ kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àǹtí tó ń di ikùn ọmọlọ́mọ mú lóde ìnáwó, tí wọ́n ń béèrè pé “oyún ni àbí kí ni?”, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ti tipa ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ebi tó gba ogún ọdún lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n wá àwọn ọkùnrin Minnesota tó ṣì wà láàyè rí ní 2003 sí 2004, àwọn 18, tí wọ́n ti darúgbó, wọ́n sọ bó ṣe pẹ́ tó kí àwọn tó padà bọ̀ sípò. Àwọn kan ní oṣù méjì. Àwọn mìíràn ní ọdún méjì gbáko, lẹ́yìn ebi ọ̀sẹ̀ 24 péré. Ẹni tó ti ń febi pa ara rẹ̀ láti ilé ìwé girama kò gbọdọ̀ fún ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ní báyìí ná, kó gbé léèsì tó ti há mọ́ ọn nínú àpótí lọ fún télọ̀, kí wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta, kó sì wọ̀ ọ́ lọ sóde lọ́jọ́ Sátidé yìí.