Ìjókòó Mọ́tò Yìí Kì Í Ṣe Pàǹtí

Ó yẹ kí n máa kọ orí kẹta ìwé ìwádìí mi lọ́wọ́, àmọ́ ìjókòó mọ́tò ni mo ń tú palẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Kí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi má rí ọ̀rọ̀ yìí o.

Mo ra Ford F-100 ti ọdún 1976 kan ní Ohio níbí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa. Ìjókòó rẹ̀ ló burú: gbọọrọ kan ṣoṣo tó gba èèyàn mẹ́ta, bíi ti inú dánfó. Lẹ́dà orí rẹ̀ ti fàya, fóòmù rẹ̀ ti gbẹ, ó ń rún wómúwómú, sípíríǹgì méjì ti yọrí síta. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n jù ú nù, tàbí kí n ra kọ́bà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n fi bò ó. Èmi ò gbà. Kọ́bà tuntun lórí fóòmù tó ti kú, kò yàtọ̀ sí kéèyàn da agbádá bo egbò.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀. Irin ni férémù rẹ̀, ó dípẹtà, àmọ́ kò tẹ̀. Mo fi bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin ha á, mo kùn ún lọ́dà. Wẹ́dà kan bá mi jó ibi tí sípíríǹgì ti já. Orí sípíríǹgì ni wọ́n ń tẹ́ aṣọ àpò sí, irú èyí tá a fi ń di kòkó, torí láìsí i, irin á máa gé fóòmù jẹ díẹ̀díẹ̀. Fóòmù ló kàn, kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀dì o! Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé iná ò gbọdọ̀ rìn kọjá íǹṣì 4 ní ìṣẹ́jú kan lórí ohun tí wọ́n bá fi ṣe inú mọ́tò tuntun. Lẹ́dà àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má jù ú nù, ẹ tú u níbi ojú rírán, òun lẹ máa fi wọn tuntun. Òwú pọ́líésítà ni kẹ́ ẹ fi rán an, torí oòrùn máa ń jẹ òwú lásán. Kẹ́ ẹ tó fà á wọ̀, ẹ sá a sóòrùn kó rọ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi òrùka wáyà so ó láti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ lèmi ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó hunjọ bí ojú arúgbó.

Ta ló kọ́ mi? Kì í ṣe YouTube. Àbúrò bàbá mi ni, Dádì Kékeré la máa ń pè wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń rán ìjókòó mọ́tò. Ti Peugeot 504 tí mo bá wọn tú nígbà hólídé ò lóǹkà. Kò sẹ́ni tó sọ òfin 1972 fún wọn, síbẹ̀ wọ́n máa ń gé fóòmù bíńtín, wọ́n á ṣáná sí i kí wọ́n tó rà á. Owó abẹ́rẹ́ yẹn ló rán mi níwèé láti JSS 1 títí mo fi gba digirí àkọ́kọ́. Nígbà tí mo wá ń kọ fọ́ọ̀mù sikọ́láṣípù, wọ́n béèrè iṣẹ́ ẹni tó tọ́ mi, mo kọ "oníṣòwò". Ojú tì mí nígbà yẹn láti kọ òótọ́. Ohun tí mo kọ ló ń tì mí lójú báyìí.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Àwa tá a kàwé dé òkè òkun, a máa ń sọ pé "wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́", bí ẹni pé ìjìyà ni. Dọ́là 900 ni ṣọ́ọ̀bù kan pè mí níbí, àwọn oyinbo ń san án, ọ̀gá ni wọ́n sì ń pe ẹni tó ń ṣe é. Nílé, a óò ná oníṣẹ́ títí tí kò fi ní rówó òwú. Dádì Kékeré ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọn ò lọ́mọọṣẹ́ kankan mọ́. Èyí tó kẹ́yìn ti lọ gun ọ̀kadà. Mi ò bá a wí, ó fẹ́ jẹun ni. Àwa tá a lè bọ́ ọmọ méjì lẹ́nu iṣẹ́, aṣọ ẹbí la ń ránwó sí! Mo ti ní kí wọ́n wá ọmọ kan, màá máa gbé owó oúnjẹ rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ti èkejì, kó wọ inbox mi.

Lánàá mo fi ìjókòó náà hàn wọ́n lórí WhatsApp. Wọ́n wò ó títí. "Ó dáa," ni wọ́n wí, "àmọ́ ojú rírán apá òsì yẹn wọ́. Ìwọ tó o fẹ́ di dókítà, bó o ṣe máa fi í sílẹ̀ nìyẹn?"

Mo ti tú u.