Ibi Tí A Fi Aláìsàn Jókòó Sí

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ òògùn kọ́ ni mo mú wá. Ọ̀rọ̀ àga àti igi ni.

Obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Scotland tí ń jẹ́ Maggie Keswick Jencks. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títo ọgbà. Ó mọ ọgbà àwọn ará Ṣáínà dunjú, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1978. Ní 1988 ni àrùn jẹjẹrẹ mú un lọ́yàn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1993 àrùn náà padà. Dókítà ní oṣù díẹ̀ péré ló kù fún un. Kò tíì gbé omijé mì tí wọ́n fi ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé, nítorí pé àwọn aláìsàn mìíràn ń dúró.

Obìnrin yìí kò jókòó ti ẹkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, tí ìmọ́lẹ̀ yóò wà níbẹ̀, tí yóò kọjú sí ọgbà, tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ yóò ti lè mu tíì, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì sunkún bí ó bá wù wọ́n. Ó kú ní 1995. Wọ́n ṣí ilé náà ní Edinburgh ní 1996, Laura Lee, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, sì di olórí iṣẹ́ náà. Lónìí, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti lé ní 20 ní Bìrìtìkó, wọn kì í sì í gba owó.

Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, ojú tì mí. Mo rántí ìyá kan tí ó ní kókó lọ́yàn. Níwájú èrò ni mo ti sọ fún un pé kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó fi gèlè bojú, ó jáde. Ìwé tí mo kọ fún un wà lórí tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn kan yóò wí pé: òògùn kò tó, ibùsùn kò tó, nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ òdòdó! Òtítọ́ ni, òdòdó kì í wo jẹjẹrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọgbà fi dókítà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti pòrúúruù kò lè gbọ́ ìmọ̀ràn. Ní 1984, Roger Ulrich kọ ìwé nípa àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Fèrèsé àwọn 23 kọjú sí igi, ti àwọn 23 kọjú sí ògiri. Àwọn tí ń wo igi tètè lọ sílé, òògùn ìrora líle tí wọ́n lò sì kéré.

Nítorí náà, ẹ gbé àga aláìsàn yín sí ibi tí yóò ti máa rí ìta. Bí ẹ bá gbin òdòdó, ẹ má jẹ́ kí omi dúró nínú ìkòkò rẹ̀, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Bí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ bá wà láti sọ, ẹ kọ́kọ́ fún ẹni náà níjòókòó. Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹ bá fọwọ́ kan kókó lọ́yàn, ẹ má dúró de ìrora kí ẹ tó lọ rí dókítà.

Ní tèmi, mo ti gbé bẹ́ǹṣì kan sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn dìspẹ́ńsárì wa. Ibẹ̀ ni mo ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí, n kì í sì í dìde títí aláìsàn yóò fi mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.