Òkun Jìnnà sí Ṣakí, Òjò Ṣakí Kò Jìnnà sí Òkun

Bí ẹnikẹ́ni bá dúró láàárín ọjà Ṣakí, tí ó sì kéde pé ó yẹ kí ìjọba wa máa náwó lórí wíwọn òtútù omi òkun, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Wọn yóò bi í léèrè pé kí ni àgbẹ̀ tí ń kọ ebè iṣu ní Òkè-Ògùn fẹ́ fi òkun ṣe. Láti Ṣakí dé etí òkun ju 200 kìlómítà lọ, àwọn àgbàlagbà sì wà ní Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì tí wọn kò fojú kan òkun rí láti ọjọ́ tí a ti bí wọn, síbẹ̀ tí iṣu wọn ń ta dáradára. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìdáhùn, inú òjò ni ìdáhùn náà sì wà.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi ń lọ sí òkun láti ọ̀dọ̀ wa. Láti àwọn òkè tí ó wà nítòsí Ṣakí ni Odò Ògùn ti ń ṣàn wá. Ó gba ẹ̀bá Ìsẹ́yìn kọjá, níbi tí ìsédò Ìkéré wà, ó la Abẹ́òkúta já, ó sì wọ inú ọ̀sà ní Èkó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni ìrìn àbọ̀ omi náà. Afẹ́fẹ́ tí ń gbé òjò wá bá wa láti orí òkun ni ó ti ń bọ̀, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ ní àríwá. Àwọn méjèèjì ni ó ń jìjàkadì lórí wa láti ọdún dé ọdún, èyí tí ó bá sì borí ni ó ń sọ bóyá ẹ̀ẹ̀rùn ni a wà tàbí òjò. Nígbà náà, bí nǹkan bá ṣe òkun, ó ti ṣe oko wa. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú.

Ẹ wo oṣù kẹjọ ọdún. Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn mọ̀ pé nígbà tí oṣù keje bá ń parí lọ, òjò a máa fà sẹ́yìn: ojú ọ̀run a ṣú, òtútù a mú, ìkúukùu a bo oòrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀kán òjò díẹ̀ ni yóò bọ́. Ó máa ń hàn ní Ìsẹ́yìn ju bí ó ti ń hàn ní Ìgbòho lọ, nítorí Ìgbòho súnmọ́ àríwá. Ní ọdún mìíràn, ìdákẹ́ yìí kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ní ọdún mìíràn, ó a máa gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tí ó fẹ́ gbin àgbàdo àrọ̀kúrò. Bí ó bá sáré gbìn ín, tí òjò sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, èéhù yóò rọ sórí ilẹ̀, owó irúgbìn àti ọ̀yà àwọn alágbàṣe yóò sì ṣòfò. Bí ó bá sì fà á títí, òjò lè káṣẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù kẹwàá kí ọmọ àgbàdo tó gbó. Kò sí ọ̀nà kẹta. Àwọn baba wa a máa wo ẹyẹ, wọn a wo ewé igi, wọn a wo bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Èmi kò sì ní fi ọgbọ́n wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí òun ni wọ́n fi bọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹyẹ Òkè-Ògùn kò lè sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú omi tí ó wà níwájú Accra àti Abidjan.

Kí ni ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Láti nǹkan bí oṣù keje títí dé oṣù kẹsàn-án, omi òkun tí ó wà ní etí ilẹ̀ Ghana àti Côte d'Ivoire a máa tutù lójijì. Omi kan náà tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ ń tó dígírì 28 nígbà tí ó gbóná a máa wálẹ̀ kọjá 25, nígbà mìíràn a sì súnmọ́ 22. Kì í ṣe òjò ni ó mú un tutù. Omi ìsàlẹ̀ ni ó gòkè wá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lẹ́bàá etí ilẹ̀, ó sì ń ti omi ojú òkun. Ṣùgbọ́n nítorí pé ayé ń yí, omi kì í lọ tààrà síbi tí afẹ́fẹ́ dojú kọ, ṣe ni ó ń yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní etíkun tiwa yìí, ìhà gúúsù ni ọwọ́ ọ̀tún náà, èyíinì ni pé omi ojú òkun ń kúrò létí ilẹ̀. Àyè kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Omi tútù láti ìsàlẹ̀ a gòkè wá dí i. Afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń ṣe é. Ìṣàn omi ńlá kan wà tí ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn lẹ́bàá etíkun wa, tí a ń pè ní Ìṣàn Gínì, àwọn orí ilẹ̀ tí ó yọ sínú òkun ní Cape Palmas àti Cape Three Points sì ń dà á láàmú. Ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó nínú iṣẹ́ náà ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè parí àríyànjiyàn náà láìwọn omi àti afẹ́fẹ́ pọ̀.

Omi tí ó gòkè yìí kún fún oúnjẹ àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú omi, nítorí náà ni àwọn apẹja Ghana fi ń kó ìbátan sàdíìnì lọ́pọ̀ yanturu lásìkò náà. Ṣùgbọ́n ojú òkun tí ó tutù kì í fi oruku omi púpọ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ sì wúwo, kò fẹ́ gòkè lọ di òjò. Ìdí kan nìyí tí òjò Accra kò fi ju nǹkan bí 800 mìlímítà lọ lọ́dún, nígbà tí Axim, tí ó wà ní etíkun Ghana kan náà, ń rí ju 2000 lọ. Ó wà lára ohun tí ń mú ìdákẹ́ oṣù kẹjọ bá àwa náà. Mo ní "lára", nítorí ìdí pàtàkì mìíràn ni pé ọ̀wọ́ òjò ńlá ti ṣí lọ sí àríwá nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ fún yín pé òtútù òkun nìkan ni ó fa gbogbo rẹ̀ ń sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ.

Báwo ni a ṣe ń wọn nǹkan wọ̀nyí? Láti 1963 sí 1964, ọkọ̀ ojú omi oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jùmọ̀ la òkun yìí kọjá, wọ́n ń ju ohun èèlò sínú omi, wọ́n ń kọ iye sílẹ̀. Iṣẹ́ takuntakun ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ a máa kọjá lọ, òkun kì í sì í dúró dè é. Nítorí náà, ní 1997, Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ àjùmọ̀ṣe kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PIRATA. Wọ́n so àwọn ohun èèlò tí ń léfòó mọ́ ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọn afẹ́fẹ́ àti òjò lókè, ó sì ń wọn ooru omi títí dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà nísàlẹ̀, ó ń fi iye wọn ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Lẹ́yìn èyí ni àwọn mìíràn tún dé, tí wọ́n ń pè ní Argo: wọ́n tó nǹkan bí 4000 káàkiri ayé, wọ́n a máa rì dé 2000 mítà, wọ́n a tún yọ sókè ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá láti jábọ̀.

Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé PIRATA túmọ̀ sí olè ojú omi ní èdè àwọn ará Brazil, bẹ́ẹ̀ olè ojú omi gan-an ni ó ń fìtínà rẹ̀. Ẹja a máa kó ara wọn jọ sábẹ́ ohun tí ó bá léfòó. Àwọn apẹja sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a wá so ọkọ̀ wọn mọ́ ọn, wọn a fà á ya, nígbà mìíràn wọn a tú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u lọ, ojú tí ń ṣọ́ òjò wa fọ́, àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kò sì gbọ́.

Àpẹẹrẹ ọdún 1984 yẹ kí ó tó wa. Lọ́dún náà, ojú òkun Gínì gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Òjò rọ̀ mọ́ etíkun, kò lọ sókè bí ó ti yẹ kí ó lọ, ọ̀dá tí ń pa àwọn ará Sàhẹ́lì sì le sí i. Òkun tí ó tutù jù, òkun tí ó gbóná jù: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹni tí ó ń fìyà jẹ. Òkè-Ògùn wà láàárín àwọn méjèèjì, nínú ọ̀dàn, kì í ṣe igbó etíkun, kì í ṣe Sàhẹ́lì. Èmi kò sì rò pé a ti fi ojú tí ó tọ́ wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà tí kò dára ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, kí a gbẹ́ kànga, kí a tó máa wọn òkun. Mo gbà pé ọ̀nà wa kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nínú àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀ PIRATA, kò sí ẹyọ kan tí ó wà ní etí Òkun Gínì. Ẹni tí òjò ń pa kọ́ ni ó ń ka iye òjò. Láti 1975 ni a ti ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun tiwa ní Victoria Island, láti 2003 sì ni NiMet ti wà, tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò lọ́dọọdún, títí kan ìdákẹ́ oṣù kẹjọ. Mo fẹ́ kí owó wọn pọ̀ sí i, kí ọ̀dọ́ Ṣakí àti Òkèhò sì wà lára àwọn tí yóò bá ọkọ̀ lọ sójú òkun.

Síbẹ̀, àbọ̀ òkun nìkan kò tó. Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa: ó lè rọ̀ ní Òkèhò kí Ìsẹ́yìn máa wò ó lókèèrè. Bí a kò bá wọn ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò mọ̀ bóyá òtútù òkun ọdún yìí kàn wá tàbí kò kàn wá? Iṣẹ́ yìí kò nílò ọkọ̀. Agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu, tí a gbé kalẹ̀ ní gbangba, níbi tí igi tàbí ògiri kò ti ṣíji bò ó, àti rúlà kan, ni ó gbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lójoojúmọ́, kí ó máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì da omi náà nù. Mìlímítà kan ṣoṣo lórí oko hẹ́kítà kan jẹ́ omi 10,000 lítà. Ní ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, kí ó kọ òdo. Àwọn òdo inú oṣù kẹjọ ni àwọn tí ń ṣírò ìdákẹ́ òjò ń wá jù lọ.