Kí Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú Tó Náwó Lé Ajílẹ̀ Àpò

Ẹni tó bá fa ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tu lóko ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó yóò rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan rò pé àrùn ni. Kì í ṣe àrùn rárá. Ilé bakitéríà ni, àwọn ẹ̀dá inú ilẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Bí ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ ló jẹ́ naitirójìn, ṣùgbọ́n ọ̀gbìn kò lè dá a jẹ. Àwọn ẹ̀dá yìí ló ń sè é fún un, òun náà sì ń fi oúnjẹ aládùn bọ́ wọn. Kí àgbẹ̀ fi ọ̀bẹ la kókó náà: bí inú rẹ̀ bá pọ́n, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn.

Àwọn mìíràn wà tí kì í kọ́lé, ẹ̀bá gbòǹgbò ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ń mú kí gbòǹgbò gbilẹ̀, kí ó lè wá omi kàn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú kì í ní kókó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá gbin ẹ̀wà sáàárín rẹ̀, tí wọ́n sì gé e nígbà ìkórè dípò kí wọ́n fà á tu, gbòǹgbò tó kù yóò jẹrà, ilẹ̀ yóò sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé iná ni ọ̀pọ̀ ṣì ń sọ sí oko, tí ewé tó yẹ kó jẹrà ń di eérú.

Láti 2022 tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Yukréènì ni owó ajílẹ̀ òyìnbó ti gun òkè àjà. Bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ti ṣe NoduMax, bakitéríà tí wọ́n ń pò mọ́ irúgbìn sóyà kí wọ́n tó gbìn ín. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn rán àwọn òṣìṣẹ́ OGADEP lọ sí abúlé, kí wọ́n fi han àwọn àgbà lóko gan-an, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn.

Ṣùgbọ́n ohun ẹlẹ́mìí ni. Oòrùn ń pa á, ooru ń pa á. Bí ìjọba bá fẹ́ kó o wá, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tútù tí wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí èyí tó bá ti gbóná jù nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù kò yàtọ̀ sí eruku.