Igbákejì Ni Wọ́n Fi Obìnrin Ṣe

Ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin níbi iṣẹ́, èyí tí í ṣe pé kí jíjẹ́ obìnrin má ṣe dí ènìyàn lọ́wọ́ láti ríṣẹ́ gbà, láti gba owó tó yẹ iṣẹ́ náà àti láti gòkè dé ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ tó dé, kò ṣeé fi iye orí nìkan wọ̀n. Lẹ́yìn ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tó wáyé ní Ìpínlẹ̀ Kogí ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, obìnrin ni gbogbo igbákejì alága ní ìjọba ìbílẹ̀ 21, títí kan Ìjùmú tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìyàrá. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, ìdùnnú tó sì tẹ̀lé e kò burú. Àmọ́ ohun tí alága bá yàn fún igbákejì ni igbákejì ń ṣe, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé ìdí tí ètò fífi obìnrin sípò náà fi dúró lẹ́nu àga kejì.

Nídìí òfì ìdúró ilẹ̀ Òkun, níbi tí Ìjùmú àti Bùnú wà, òfì tí í ṣe igi gíga tí wọ́n ń gbé ti ògiri láti fi hun aṣọ, obìnrin kì í ṣe igbákejì ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ obìnrin ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà wà, pàápàá ní Bùnú, ìyá ló sì ń kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Èyí kò sọ ayé àtijọ́ di ayé ìdọ́gba, nítorí ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni oyè àti ilẹ̀ pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àga kejì kì í ṣe àṣà tí wọ́n bá nílẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́.

Nínú iṣẹ́ oṣù ti òde òní, ọ̀ràn náà yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Ní sẹkitéríàtì ìjọba, ìpele iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san owó oṣù, nítorí náà ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n wà ní ìpele kan náà ń gba iye kan náà. Ọ̀ràn ìgbéga ló yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ wò níbẹ̀. Ìṣòro tó le jù wà nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Abala 55 kò gba obìnrin láyè láti ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí lóko, bẹ́ẹ̀ ó yọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àfi bí ẹni pé òru tó léwu fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kò mọ ojú nọ́ọ̀sì. Abala 54 fún obìnrin tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ó sì ní kí ohun tí yóò gbà má ṣe dín ní ìdajì owó rẹ̀ bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó pípé.

Kò sí igbákejì alága tó lè tún òfin yìí ṣe, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún láṣẹ lórí ọ̀ràn iṣẹ́. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Abuja ló ni àtúnṣe, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022 sì rèé, wọ́n dìbò tako ìjókòó àkànṣe fún obìnrin nílé aṣòfin, wọ́n tún tako àbá tí ìbá jẹ́ kí ọmọbìnrin Ìyàrá tó lọ́kọ sí Èkìtì ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún.